Lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣánnà Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ nìkan dájọ́ ẹni tó fi orí ṣèṣe

Ẹ̀yin Kọmíṣánnà wa,

Mo kí yín, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì Agodi. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Oníṣẹ́ láàbù ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ara àwọn tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí dókítà bá ti fa abẹ́rẹ́ yọ tán. N kì í kọ lẹ́tà sí ìjọba. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ń jà ràn-ìn lẹ́nu iṣẹ́ wa báyìí, mo sì fẹ́ sọ tẹnu mi kó tó dé, torí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti wọlé, tí wọ́n ti gé rìbọ́nù, tí wọ́n ti ya fọ́tò, ta ló tún ń bi oníṣẹ́ láàbù léèrè ohunkóhun?

Ẹ̀rọ tí mò ń wí ni èyí tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi orí ṣèṣe wò, láti mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ fara pa àti bó ṣe fara pa tó. Ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ láàbù gbé ìwé pélébé nípa rẹ̀ wá bá wa. Ó ṣàlàyé dáadáa, ó fún wa ní bírò àti kàléńdà, ó wá sọ gbólóhùn kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ẹ̀rọ náà á jẹ́ ká mọ ẹni tó máa yè, á sì jẹ́ ká mọ ẹni tí a kàn ń náwó lé lórí lásán. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni, mo mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé yín pé ìmọ̀ tó wà nídìí ẹ̀rọ náà kì í ṣe irọ́. Bí orí bá gbá ọ̀dà tàbí irin, sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ a máa fọ́, ohun tó wà nínú wọn a sì jò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn èròjà yìí ni GFAP, tó ń wá láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣètọ́jú àwọn yòókù nínú ọpọlọ. UCH-L1 ń wá láti inú sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ronú gan-an. NfL ní tirẹ̀ wà nínú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí apá kan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì. Àwọn méjì kan tún wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ, S100B àti NSE. Ní oṣù kejì ọdún 2018, àjọ FDA tó ń rí sí oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò tó ń wá GFAP àti UCH-L1 nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2021 wọ́n fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀rọ tó ṣeé gbé lọ́wọ́. Ní 2024 ó kan èyí tí kò tiẹ̀ nílò kí a kọ́kọ́ yí ẹ̀jẹ̀ náà nínú ẹ̀rọ kí omi rẹ̀ tó yọ sọ́tọ̀; lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn ni wọ́n ti lè ṣe é, èsì á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú 15.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka ìwé àṣẹ yẹn dáadáa. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ fọwọ́ sí i ni àgbàlagbà, láti ọdún 18 sókè, tó fi orí ṣèṣe tí kò le púpọ̀: ẹni tó ṣì ń la ojú, tó ṣì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ tí dókítà ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú agbárí rẹ̀. Bí èsì bá fi hàn pé àwọn èròjà náà kò ga, ó ṣeé ṣe kó má nílò síkáànù orí, ìyẹn fọ́tò inú agbárí. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí á fi mọ ẹni tí yóò jí àti ẹni tí kò ní jí. S100B pẹ̀lú, tí àwọn dókítà ní àwọn orílẹ̀-èdè Skandinéfíà ti fi sínú ìlànà wọn láti 2013, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fi ṣe lọ́dọ̀ wọn.

Fún iṣẹ́ yẹn, bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ náà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, màá bá yín jó. Ẹ dúró sí Tákíè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà kí ẹ wo bí ọ̀kadà ṣe ń gba àárín tírélà kọjá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣubú níbẹ̀ ń dìde fúnra wọn, wọ́n á gbọn aṣọ wọn, wọ́n á ní kò sí nǹkan, tó bá di òru wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Síkáànù orí wọ́n, ẹni tó bá sì ń gbé ní Ìkòyí-Ilé tàbí Ìrẹ̀sàadú gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò kó tó débi tó wà. Àyẹ̀wò tó lè sọ pé “ìwọ lọ sílé, ìwọ lọ ya síkáànù báyìí” á gba ẹ̀mí là, á sì gba owó là. (Ti akoto, n kò ní fọwọ́ kàn án lónìí. Bí gbogbo ọlọ́kadà wa bá ń dé e sórí dípò tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ apá, lẹ́tà yìí ì bá kúrú.)

Àwọn tó ṣèṣe gidigidi ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí kò la ojú, tí kò dáhùn, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ bá a mí. Ìwádìí ti wáyé lórí irú wọn náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní TRACK-TBI ní Amẹ́ríkà tẹ èsì kan jáde ní 2022, lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn 1,696 lọ́jọ́ tí wọ́n fara pa. Wọ́n rí i pé bí GFAP àti UCH-L1 bá ga gan-an, ó ń tọ́ka dáadáa sí ẹni tó ṣeé ṣe kó kú, tàbí kí àbùkù ara tó le kù sí lára, kí oṣù 6 tó pé. Nígbà tó wá kan ìbéèrè tí ẹbí ń béèrè jù, pé ṣé yóò padà sí bó ṣe wà, nọ́ńbà kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Láti inú TRACK-TBI yìí kan náà, èsì mìíràn jáde ní 2021, èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú wọn lè là o, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹnikẹ́ni, wọn kò mọ ohunkóhun. Kí ọdún kan tó pé, 62 nínú 79 wọn ni iyè wọn ti sọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà di ẹni tí ń dá mọ́tò wà. Nínú àwọn 56 tí wọ́n lè yẹ̀ wò fún un, 14 ló mọ orúkọ ara wọn, ibi tí wọ́n wà àti ọjọ́ tó jẹ́. Iye yẹn kéré, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè ní òkú lọ́sẹ̀ kejì ni wọ́n. Abájọ tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2018 pé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, dókítà kò gbọdọ̀ bá ẹbí sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ìrètí fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọlọ́jà kò ní sọ fún yín. Nọ́ńbà tó bá sọ àsọtẹ́lẹ̀ ní ìlú kan, ìtọ́jú ìlú yẹn wà nínú nọ́ńbà náà. Ní 2008, àwọn onímọ̀ lo àkọsílẹ̀ ìwádìí CRASH, tó kó aláìsàn 10,008 jọ káàkiri ayé, láti ṣe ìṣirò tí dókítà lè fi díwọ̀n bí yóò ṣe rí fún ẹni tó fi orí ṣèṣe. Wọn kò lè fi ìṣirò kan ṣoṣo díwọ̀n gbogbo ayé. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe fún irú tiwa, nítorí orí kan náà tó fọ́ ní ibi méjì kì í yọrí sí ohun kan náà. GFAP kò mọ̀ bóyá inú búùtù mọ́tò ni wọ́n ti gbé ẹni náà dé. Kò mọ̀ bóyá ibùsùn ṣófo tàbí iná wà. Ibi tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti ń dé kí ojú tó ṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tó mọ̀.

Wọ́n sì kọ́ ọ níbi tó jẹ́ pé bí dókítà bá ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò lójútùú, ẹbí lè ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Ẹni tí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ lára rẹ̀ á kú, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kú. Ta ló wá mọ èyí tó pa á?

Níbí, ẹnikẹ́ni kì í yọ ẹ̀rọ. Owó ló ń yọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ: ẹbí á san ti ọjọ́ kìíní, wọ́n á dá owó jọ san ti ọjọ́ kẹta, wọ́n á ta ilẹ̀ tàbí ọ̀kadà tó kù, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n yéé náwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn ń gbé aláìsàn lọ. Àwọn kan gbà pé ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ ni àwọn ń lọ. Àwọn kan ń gbé e lọ sílé kó lè kú sójú àwọn ènìyàn rẹ̀. N kò bá wọn wí. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí ìwé èsì láti láàbù wa di ohun tí wọ́n ń wá yẹn.

Ìyá kan wá bá mi lójú fèrèsé láàbù lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn lókè, kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé e wá. Ó na ìwé kan sí mi. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ní á jí?” Mo gbà á. Iye iyọ̀ inú ara àti ṣúgà ló wà níbẹ̀, kò sí ohun kan lórí ọpọlọ. Mo ní, “Mà, iyọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n wò níbí, ó sì dáa. Dókítà ló máa bá yín sọ ti jíjí.” Kò lọ. Ó ka gbogbo ìlà ìwé náà, ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà H, èyí tó túmọ̀ sí pé iye ga, sí níwájú nọ́ńbà kan, ó ní kí ni ìyẹn ń sọ. Mo ṣàlàyé. Ó tún bi mí. Ẹ wá ronú bí ìwé yẹn bá jẹ́ ti GFAP, tí nọ́ńbà ńlá wà níbẹ̀, tí H méjì wà níwájú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan láti ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀jẹ̀ yìí, ẹlẹ́rìí kan ni, ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà láti wákàtí sí wákàtí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé UCH-L1 ń ga dé góńgó ní nǹkan bíi wákàtí 8 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, GFAP ní nǹkan bíi wákàtí 20. NfL kì í yára rárá; láàárín ọjọ́ 10 sí ọ̀sẹ̀ 6 ló ń ga jù. Nọ́ńbà kan náà lè túmọ̀ sí ohun méjì, ó kù sí ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ wa níbí, ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí láàbù. Wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á kọ ọjọ́ orí, nígbà mìíràn “àgbà” ni wọ́n ń kọ. Àyè aago tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ a máa ṣófo. Aago tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ kò tilẹ̀ ní àyè.

NSE ló máa ń bí mi nínú jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ náà. Bí wọ́n bá fi agbára fa ẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n mì í tìgbóná-tìgbóná nínú ìgò, tàbí tó dúró pẹ́ nínú oòrùn kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́. Bí mo bá ti gbé e kúrò nínú ẹ̀rọ tí ń yí i, màá rí i: omi orí rẹ̀ tó yẹ kó mọ́, tó sì yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á pupa bí omi zóbò. Bí mo bá wọn NSE níbẹ̀, á ga fíofío, ọpọlọ aláìsàn kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. S100B ní tirẹ̀ wà nínú ọ̀rá ara. Ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ kán lè ní èyí tó ga láìjẹ́ pé orí rẹ̀ ní nǹkan kan. Ta ló sì ń ṣubú lórí ọ̀kadà tó jẹ́ orí nìkan ló fi gbá ilẹ̀?

Nǹkan tó ṣeé fi díwọ̀n, tí kò ná wa ní kọ́bọ̀, ti wà tipẹ́. Ní 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett ní Glasgow gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí gbogbo nọ́ọ̀sì wa mọ̀: ṣé ó la ojú, ṣé ó sọ̀rọ̀, ṣé ó gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bí a bá ní kó gbé e, máàkì ń bẹ láti 3 dé 15. Fi tọ́ọ̀ṣì sí i, kí o mọ̀ bóyá ẹyinjú ń sún kì. Kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀. Wo ibòmíràn tó ti ṣèṣe. Ìṣirò CRASH dúró lé nǹkan wọ̀nyí, síkáànù sì tún lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè fi díẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá ń kọ máàkì yìí sílẹ̀ déédéé ní gbogbo wákàtí lóru, tí tọ́ọ̀ṣì sì ní bátìrì, ọ̀pọ̀ ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ni ojú nọ́ọ̀sì á ti sọ.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Bí ilé iṣẹ́ yín bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé nítorí àwọn tí ìpalára wọn kò le ni, láti mọ ẹni tí yóò lọ ya síkáànù. Ti àwọn tó le, kí èsì ẹ̀jẹ̀ má ṣe dé ọwọ́ ẹbí lórí ìwé lásán. Kí dókítà àgbà jókòó tì wọ́n, kó sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé wọn, kó sì sọ ohun tí kò dá òun lójú pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nọ́ńbà ọjọ́ kan sọ pé “ó ti tán”. Kí ẹ pàṣẹ pé fọ́ọ̀mù tí kò bá ní aago ìjàǹbá àti aago tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí láàbù dá a padà. Àwa á dá a padà tayọ̀tayọ̀.

Ti owó, mo mọ̀ pé kì í ṣe apá yín nìkan ló ká a. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ní ilé ìwòsàn kan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà ní pàjáwìrì. Àmọ́ pàjáwìrì ọpọlọ kì í tán lọ́jọ́ kan. Bí OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera wa, bá lè gbé ti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ àti síkáànù fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀, ìyá tó dúró sójú fèrèsé mi ì bá ní àyè láti dúró de ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi tó kẹ́yìn ni pé kí á ní nọ́ńbà tiwa. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ méjì ló wà nílùú yìí, ti LAUTECH àti ti Bowen, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Ilé ìwòsàn ńlá UCH wà ní Ìbàdàn. Awẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí Látúndé Odeku ní 1927, ẹni tó kọ́kọ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Nàìjíríà, tó padà sílé láti ṣiṣẹ́ ní UCH ní 1962. Kò yẹ kó jẹ́ láti Amẹ́ríkà la ó ti máa ra òye orí tiwa. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fi orí ṣèṣe gidigidi sínú ìwé kan ṣoṣo: máàkì rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, èsì ẹ̀jẹ̀ bí ó bá wà, ọjọ́ tí owó tán, ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Lẹ́yìn oṣù 6, kí ẹnì kan pe ẹbí rẹ̀ lórí fóònù, kó béèrè bóyá ó ń jẹun fúnra rẹ̀, bóyá ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Owó ìpè nìkan ni yóò ná ìjọba, àti ẹnì kan tó ní sùúrù. Àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé pẹ̀lú, kí wọ́n pè wọ́n. Èmi kò tíì rí ẹni tó mọ iye tó yè nínú wọn.

Bí ẹ bá pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ pe àwọn dókítà, ẹ sì pe nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, oníṣẹ́ láàbù kan, àti ẹnì kan tó ti gbé aláìsàn tirẹ̀ lọ sílé rí. Kí ọlọ́jà dúró níta títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlera,

Oníṣẹ́ láàbù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́